Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Fáńpáyà Oníbànújẹ́

Oríṣi méjì ni fáńpáyà, òkú tó ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè: èyí tó ń pani láìbìkítà, àti èyí tó dá wà, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi wà. Ọ̀pọ̀ ló ní òǹkọ̀wé Anne Rice ló dá oríṣi kejì sílẹ̀ ní 1976. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ́sítríà kọ láti Sẹ́bíà ní 1725 àti 1732, òkú lásán ni fáńpáyà. Byron ló fi ìrora kún un nínú ewì The Giaour (1813): ègún tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n gégùn-ún fún máa mu ẹ̀jẹ̀ ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀, kó sì máa kórìíra oúnjẹ ọ̀hún. Fáńpáyà tí John Polidori, dókítà Byron, kọ ní 1819 kò láàánú rárá.

Varney the Vampire (1845–1847), ìtàn àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tà ní pẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni orísun gan-an. Varney ń wá ikú, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá bá ti kan òkú rẹ̀, ó tún jí nìyẹn. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún àlùfáà kan, ó sì bẹ́ sínú òkè oníná Vesuvius ní Ítálì.

Àwọn kan ń ka Dracula (1897) mọ́ ìdílé yìí. Kò tọ́: lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ẹlòmíràn ló kún ìwé náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Dracula fúnra rẹ̀ jẹ́ òǹròyìn.

Ní 1936, fíìmù Dracula's Daughter fi obìnrin fáńpáyà kan tó ń wá ìwòsàn hàn. Fáńpáyà irú rẹ̀, Barnabas Collins, dé orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 1967.

Fíìmù Blacula (1972) ni wọ́n sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì. Mamuwalde, ọmọ ọba láti Áfíríkà, lọ bẹ Dracula ní 1780 pé kó bá òun fòpin sí òwò ẹrú. Dracula sọ ọ́ di fáńpáyà, ó tì í mọ́ inú pósí. Nígbà tí obìnrin tó fẹ́ràn kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde sínú oòrùn.

Ọdún tí Blacula jáde yẹn náà ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ọmọbìnrin Rice. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn ikú náà, Interview with the Vampire (1976), fáńpáyà Louis kúrò ní New Orleans lọ sí ìlà oòrùn Yúróòpù láti wá ìran rẹ̀; òkú tí kò ní làákàyè ló bá níbẹ̀. Ní Párísì, fáńpáyà Armand, tó dàgbà jù ú lọ fíìfíì, kò rí Ọlọ́run tàbí èṣù kankan júwe fún un. Varney ló ni ìbànújẹ́. Rice ló sọ ọ́ di ìwádìí.

Fíìmù ìwé Rice jáde ní 1994, Only Lovers Left Alive ti Jim Jarmusch tẹ̀lé e ní 2013, tẹlifíṣọ̀n AMC sì sọ Louis di aláwọ̀ dúdú ní 2022.