Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá àti Ọgbọ́n Àríyànjiyàn

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ààfin ọba tàbí ilé ẹjọ́. Òun gan-an ni ìpìlẹ̀ àròkọ alárìíyànjiyàn, nítorí ẹni tí kò gbọ́ tẹnu alátakò rẹ̀ kò lè mọ ibi tí ìyàn gan-an wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohùn líle ló ń mú irú àròkọ bẹ́ẹ̀ dùn ún kà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú un dùn ni pé kí ohun gidi wà nílẹ̀ tí à ń jà lé lórí, kí òǹkọ̀wé sì mọ ibi tí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ fìdí sí. N kò mọ àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn ju ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí kíkọ̀ lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tí í ṣe onílẹ̀ ní Èkó, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ tó wà nílé dáhùn pé ẹ̀tọ́ ìṣàkóso lásán ni olóyè náà ní, àti pé owó ẹ̀tọ́ yẹn nìkan ló lè gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ìjọba, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní bí ọba bá ti fi ìlú lé ọba mìíràn lọ́wọ́, ilẹ̀ ìlú bá a lọ. Wọ́n tún ní ìṣàkóso ni iṣẹ́ olóyè, kì í ṣe níní. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko èyí, tí kò lè sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ti lè sọ ọ́, kò tíì ṣetán láti mú gègé.

Ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní London. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, bá Olóyè Olúwa lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ohun tí à ń pè ní níní ilẹ̀ ní ibi tí àṣà yàtọ̀. Ẹ̀rí tó gbára lé kò ti ẹnu alátakò ìjọba jáde: ìròyìn tí Rayner, adájọ́ àgbà Èkó fúnra rẹ̀, kọ ní 1898 ni, níbi tó ti ṣàlàyé pé ìlú, abúlé tàbí ẹbí ló ni ilẹ̀, pé ẹnìkan ṣoṣo kì í ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ náà kò sẹ́ àdéhùn 1861. Ó gbà pé àṣẹ tó ga jù lórí ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ní èyí kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, Olóyè Olúwa yóò gba owó ilẹ̀ náà ní kíkún, lórúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé gbígbà tí a gba apá kan ọ̀rọ̀ ìjọba kò ba ẹjọ́ náà jẹ́. Òun ló jẹ́ kí èyí tó kù lágbára.

Àsọdùn kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní London kan náà, Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, láti ìdílé Dòsùnmú, lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan sì jáde láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó pe Ẹlẹ́kọ ní ọba lórí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà. Ta ni yóò gba èyí gbọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kánò? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìjọba, tí inú ti ń bí sí Ẹlẹ́kọ láti ìgbà ìjà owó omi, ní kí ó rán alágogo láti kéde pé òun kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀. Ní 1920 náà ni wọ́n sọ pé àwọn kò kà á sí mọ́. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di 1931 kó tó padà wálé. Ìwà ìkà ni ìjọba hù, n kò sì sọ pé Macaulay ló jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló fi ohun ìjà lé wọn lọ́wọ́.

Ìyàn náà kò sì tíì tán. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè Olóyè Olúwa tún padà dé: ta ló ni ilẹ̀, kí sì ni níní túmọ̀ sí? Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ sọ tẹnu gómìnà dáadáa.