Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìdánwò ti Ethereum

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò ni ọ̀wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tí ń ṣe gbogbo ohun tí blockchain gidi ń ṣe, tí wọ́n jọ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń so búlọ́ọ̀kù mọ́ búlọ́ọ̀kù, àfi pé owó tí a ń ná níbẹ̀ kò tó ra ẹ̀pà. Nítorí pé ohun tí a bá kọ sórí Ethereum gidi ti di ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́, tí a kì í sì í tojú ogun wẹ́fọ́n, ọdún 2015 tí wọ́n gbé e kalẹ̀ gan-an ni wọ́n dá Morden, àkọ́bí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò rẹ̀, sílẹ̀.

Ẹni tí yóò dá ọ̀kan sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀, níbi tí òfin, nọ́ńbà ìdánimọ̀ (ti Sepolia, ọ̀kan nínú wọn, ni 11155111) àti àwọn àkáǹtì àkọ́kọ́ wà. Yóò gbé sọ́fítíwíà bíi Geth àti Lighthouse sórí kọ̀ǹpútà mélòó kan, yóò yan àwọn afọwọ́sí, ìyẹn àwọn tí ń fọwọ́ sí búlọ́ọ̀kù, yóò sì ṣí faucet, ojúlé tí ń pín owó ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó aláìníláárí yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ta ni ń sùn sóko tí kò gbin nǹkan sí? Ní oṣù kejì ọdún 2017, nígbà tí ìwọ̀nba ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ Ropsten, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánwò mìíràn, ẹnì kan gba ibẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gbé òpin gáàsì búlọ́ọ̀kù (iye iṣẹ́ tí búlọ́ọ̀kù kan lè gbà) sókè dé bílíọ̀nù, ó sì fi ẹrù àfiṣòfò dí ojú ọ̀nà pa. Ọdún náà ni Kovan àti Rinkeby dé, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí a mọ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí búlọ́ọ̀kù. Òdìkejì wàhálà Ropsten ló bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Goerli: owó rẹ̀ wọ́n débi pé, nígbà tó fi di 2023, àwọn ènìyàn ń fi owó gidi rà á, ohun ìtìjú gbáà sì ni lójú tèmi. Ìdí nìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Holesky fi gbé bílíọ̀nù 1.6 owó ìdánwò wáyé lọ́dún yẹn kan náà.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ń dán àtúnṣe Pectra wò lórí Holesky, àṣìṣe àdírẹ́sì ibi ìdógò àwọn afọwọ́sí nínú sọ́fítíwíà mẹ́ta tú u ká, ìfohùnṣọ̀kan kò sì padà títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta. Ìlà àwọn afọwọ́sí tó fẹ́ jáde gùn tó nǹkan bí ọdún kan; nítorí náà, wọ́n yáa dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, Hoodi, sílẹ̀ lóṣù kan náà, wọ́n tún Pectra dán wò níbẹ̀, ó sì wọ Ethereum gidi ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún.