Ìṣákọ́lẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà: Ohun tí A Rà àti Ohun tí A Kò Rà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Bàbá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan, Windows àti Office sì ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó ra tòkunbọ̀ méjì fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò JAMB. Òfìfo ni ìwọ̀nyí dé. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí bàbá lọ́kàn ni pé: “Èyí tí mo ti sanwó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé jọ lò ó.” Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bàbá yìí dá? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Láti ayébáyé ni Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fún láyè láti dáko. Àtìpó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, kí ó sì jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ náà, kò sì lè pín in fún ẹlòmíràn láìsọ fún onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ń tọ̀. Ara ẹ̀rọ ni a rà. Ètò tí ó wà nínú rẹ̀, àyè ìlò nìkan ni wọ́n fún wa.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 1969, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà kì í díyelé ètò lọ́tọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fi í kún ẹ̀rọ. Ọdún náà ni wọ́n kéde pé àwọn yóò ya owó àwọn ètò kan sọ́tọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Bill Gates, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà najú, ó ní olè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jà, nítorí pé wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ètò BASIC ilé iṣẹ́ òun láìsanwó.

Nígbà tí ó yá, Microsoft bá àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ṣe àdéhùn pé iye ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó jáde ni wọn yóò sanwó lé lórí, yálà ètò Microsoft wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ní ọdún 1994, Microsoft gbà fún ìjọba Amẹ́ríkà pé òun yóò jáwọ́ nínú irú ìsanwó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ètò ti fara pamọ́ sínú owó ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ń rajà kò rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí bàbá wa ní Ìsọlọ̀ fi gbà pé gbogbo rẹ̀ pátá ni òun rà.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti olórin, Àṣẹ 47 ti ọdún 1988, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ. Òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 kò yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ ni ọjà ń gbà. Àjọ Basel Action Network fojú bù ú ní ọdún 2005 pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà tí ó kún fún àlòkù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ ń wọ Èkó lóṣooṣù. Èbúté Apápá àti Tin Can ni ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀nà márosẹ̀ Apápá sí Òṣòdì sì gba ẹ̀gbẹ́ Ìsọlọ̀ kọjá. Láti ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ náà ti ń tàn dé Alábà, òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, àti àwọn ìsọ̀ kéékèèké àdúgbò wa.

Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ náà ni sítíkà kékeré kan wà tí wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 sí. Ẹ̀rí àṣẹ Windows tí wọ́n tà mọ́ ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ ni. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó tilẹ̀ ti nu inú rẹ̀ mọ́, sítíkà ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í sábà wò ó. Àwo kan náà àti nọ́ńbà kan náà ni ó ń fi sí gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó ní àṣẹ tirẹ̀ lára ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń lo ẹ̀dà tí kò láṣẹ.

Àwọn onílẹ̀ kò sùn. Láti ọdún 2001, Windows XP ń béèrè pé kí a fi ìdí àṣẹ múlẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft kí ó tó gbà wá láyè pẹ́ títí. Láti ìgbà tí Windows 8 dé ní ọdún 2012, àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà náà pamọ́ sínú pákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àṣẹ di ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀rọ. Kò ṣeé yọ fún ẹ̀rọ mìíràn.

Wọ́n tilẹ̀ ro ti ìdílé mọ́ ọn nígbà kan. Office Home and Student ti ọdún 2007 gba kọ̀ǹpútà mẹ́ta láyè nínú ilé kan. Nígbà tí ti ọdún 2013 dé, kọ̀ǹpútà kan péré ni. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn: Office 365 fún ìdílé, tí a ó máa sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Láti ọdún 2018, ènìyàn mẹ́fà lè jọ lò ó. Ìṣákọ́lẹ̀ padà dé ní tòótọ́! Bí a kò bá san ti ọdún yìí, oko di títì.

Ẹgbẹ́ BSA, ti àwọn ilé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, fojú bù ú pé ní ọdún 2017, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ètò tí a ń lò ní Nàìjíríà ni kò láṣẹ. Ẹgbẹ́ náà ń gbèjà ọjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọjà wa kò ní jiyàn púpọ̀. Àwa kan náà ni à ń pariwo bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà sinimá Yorùbá tà láìsanwó fún ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, kò yẹ kí á ṣe é sí ẹlòmíràn.

Kí wá ni bàbá yóò ṣe? Kí ó kọ́kọ́ wo ara tòkunbọ̀ náà. Bí sítíkà bá wà, tàbí bí nọ́ńbà bá wà nínú pákó rẹ̀, irú Windows tí wọ́n tà mọ́ ọn ni kí oníṣẹ́ dá padà sínú rẹ̀. Kí ó gba rìsíìtì, nítorí olùtajà lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé wó ọjà Owónifáàrí tí wọ́n ti ń ta ohun èlò abánáṣiṣẹ́ ní Òṣòdì, àwọn ontajà sì fọ́n ká.

Fún ti Office, ilẹ̀ kan wà tí kò ní ìṣákọ́lẹ̀. Láti ọdún 1989 ni Richard Stallman ti gbé ìwé àṣẹ GPL jáde, èyí tí ó ní kí ẹnikẹ́ni lo ètò, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni Ubuntu ti jáde ní ọdún 2004, àti LibreOffice ní ọdún 2010. Ẹ̀rọ kan tàbí mẹ́wàá, gbogbo ilé lè jọ lò wọ́n láìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Òkè òkun yóò máa da ẹ̀rọ wọ̀nyí nù, a ó sì máa rà wọ́n. Ọkàn rere ni bàbá fi fẹ́ pín ohun tí ó ní. Ilẹ̀ tí ó dúró lé ni kò mọ̀. Kí olùkúlùkù béèrè ohun tí òun ń rà kí ó tó kówó sílẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.