Ìlú Cádiz: Ìtàn tí Ẹsẹ̀ Ń Kà

Ìlú Cádiz wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, ní etí Òkun Àtìláńtíìkì. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ilẹ̀ tóóró kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ ilẹ̀ ńlá, bí a bá yọ afárá méjì kúrò, èyí tí wọ́n ṣí èkínní ní ọdún 1969, tí wọ́n sì ṣí èkejì ní ọdún 2015. Nítorí pé òkun kò fún ìlú náà láyè láti gbòòrò, ohun gbogbo tí ó ti kó jọ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta wá wà lórí ara wọn bí aṣọ inú àpótí ìyá àgbà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rin ìlú àtijọ́ náà já láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ láìgba afinimọ̀nà, nítorí pé àwọn aláṣẹ ìlú ti kun ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ojú ọ̀nà kí àlejò lè máa tẹ̀ lé wọn. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìlà ojú ọ̀nà kò lè bá àlejò bèèrè ìbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ìyẹn wá láti ilé.

Ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Puerta de Tierra, èyíinì ni Ẹnubodè Ilẹ̀, ni ó yẹ kí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Odi gíga ni, a sì mọ ọ́n ní ibi tí ilẹ̀ tóóró nì ti wọ ìlú, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ogun orí ilẹ̀ lè gbà wọlé. Láti ibẹ̀, kò jìnnà sí àdúgbò Pópulo, tí ó jẹ́ oókan àyà ìlú náà ní ayé àtijọ́. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí ó kù nínú odi àtijọ́ ṣì dúró níbẹ̀, àwọn òpópónà rẹ̀ sì há débi pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ wọn. Bí àlejò bá fi ọwọ́ pa ògiri ilé, yóò rí i pé ìkarahun ẹran omi kún inú òkúta náà. Láti inú òkun ni wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta tí wọ́n fi kọ́ ìlú yìí. Òkun ni ó bí i, òkun ni ó sì ń bọ́ ọ.

Àwọn ará Fonísíà láti ìlú Tírè, àwọn oníṣòwò inú Bíbélì nì, ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n sì pè é ní Gadir. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ gbà pé agbègbè yìí ni Táṣíṣì tí Jónà fẹ́ sá lọ nígbà tí ó kọ iṣẹ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Kátéèjì, lẹ́yìn èyíinì ni Róòmù. Ní ọdún 40 ṣáájú ìbí Jésù, Balbus, ọmọ bíbí ìlú náà, di olórí aláṣẹ ní Róòmù, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a bí sí ẹ̀yìn odi Ítálì tí ó dé ipò náà. Ìdílé rẹ̀ ni ó kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí àlejò lè wò ní ẹ̀yìn Pópulo. Ilẹ̀ ti bo gbọ̀ngàn náà pátápátá, àwọn ènìyàn sì ti kọ́ ilé lé e lórí, títí di ọdún 1980 tí wọ́n tún rí i. Àwọn Mùsùlùmí jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kí Ọba Alfonso Kẹwàá tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1262. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Cruz, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà, jẹ́ ìrántí ìgbà ọba yìí.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí ọba yẹn kọ́ gan-an ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1587, Francis Drake ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ wọ èbúté Cádiz, ó sì dáná sun ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ọba Sípéènì ń kó jọ láti fi gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1596, àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá pẹ̀lú àwọn ará Họ́láńdì. Wọ́n gba ìlú náà, wọ́n kó o lẹ́rù, wọ́n sì kùn ún níná nígbà tí wọ́n ń lọ. Santa Cruz jóná nínú ogun yìí. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: odi líle tí àlejò ń rí yí ìlú náà ká lónìí, ẹ̀rù iná yẹn ni ó mú kí wọ́n mọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kàtídírà tuntun, tí òrùlé rẹ̀ róbótó tí ó sì pọ́n bí wúrà, kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1722 nígbà tí owó Amẹ́ríkà ń ṣàn bí omi. Wọn kò parí rẹ̀ títí di ọdún 1838, nígbà tí owó náà ti gbẹ. Ẹni tí ó bá gbójú sókè yóò rí i pé òkúta olówó iyebíye ni ó wà nísàlẹ̀, òkúta tí kò tó o níye sì ni ó wà lókè. Kò sí ìwé ìṣirò owó tí ó lè sọ ìtàn ọrọ̀ Cádiz tó ògiri yìí.

Láti kàtídírà, kí àlejò máa tẹ̀ lé etí òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Lísíbọ̀nù, ìgbì ńlá ya lu Cádiz, ó sì fọ́ odi rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò La Viña, níbi tí àwọn apẹja ń gbé, ṣì máa ń fi ibi tí omi náà dúró sí ní Òpópónà Palma han àlejò. Wọ́n ní àlùfáà kan ni ó gbé àsíá Màríà Mímọ́ jáde tí omi fi padà. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á gbọ́, kí ó gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn La Viña ni La Caleta wà, etíkun kékeré tí ilé olódi méjì ń ṣọ́, Santa Catalina ní ọwọ́ kan, San Sebastián ní ọwọ́ kejì. Àwọn tí wọ́n ya fíìmù James Bond tí ó jáde ní ọdún 2002 lo etíkun yìí bí ẹni pé ìlú Havana ní Kúbà ni. Èyí kò ya ẹni tí ó mọ ìlú méjèèjì lẹ́nu. Odi etí òkun, ilé aláwọ̀ rẹ́súrẹ́sú, afẹ́fẹ́ oníyọ̀, gbogbo rẹ̀ jọra bí ìbejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín wọn. Ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ Cádiz ti kan ilẹ̀ Yorùbá.

Sevilla ni ó kọ́kọ́ ní àṣẹ ọba lórí òwò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n odò ni ọkọ̀ ń gbà dé Sevilla, iyanrìn sì ń dí ẹnu odò náà bí ọkọ̀ ti ń tóbi sí i. Ní ọdún 1717, ọba kó ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣàkóso òwò náà, Casa de la Contratación, wá sí Cádiz. Omi tuntun rú, ẹja tuntun sì wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣòwò ya wọ ìlú láti gbogbo Yúróòpù, wọ́n sì kọ́ irú ilé kan tí kò wọ́pọ̀ ní ibòmíràn: ẹrù ní ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì lókè rẹ̀, ìdílé lókè ọ́fíìsì, ìránṣẹ́ àti ẹrú lábẹ́ òrùlé, ilé-ìṣọ́ sì ní orí gbogbo rẹ̀, kí olówó lè rí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè kí ó tó gúnlẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún irú ilé-ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó ṣì wà. Èyí tí ó ga jù ni Torre Tavira, tí a fi orúkọ olùṣọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, Antonio Tavira, pè, tí ìjọba sì sọ di ilé-ìṣọ́ èbúté ní ọdún 1778. Kí àlejò gùn ún. Ní ìkóríta púpọ̀ tí yóò gbà dé ibẹ̀, yóò rí ìbọn àgbá àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́ igun ilé kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin má baà ha ògiri.

Fàdákà, kòkó, tábà àti ṣúgà ni wọ́n ń retí láti orí ilé-ìṣọ́ wọ̀nyí. Ní ọdún 1765, àwọn oníṣòwò Cádiz kan gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba láti máa kó ẹrú fún àwọn ilẹ̀ Sípéènì ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wọn, Compañía Gaditana de Negros, kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí Puerto Rico, kí ó tó kó lọ sí Havana, ó sì ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1779. Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé Yorùbá ni gbogbo àwọn tí wọ́n tà. Púpọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n dé Kúbà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó, tí ogun sì ń lé ènìyàn lọ sí etí òkun. Nígbà náà, Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní ọdún 1817 pé òwò náà yóò dópin ní ọdún 1820. Síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ kan ṣì ń gbéra láti Cádiz fún iṣẹ́ yìí ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ti mọ ọ̀nà, ọ̀nà náà sì mọ̀ wọ́n.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìrìn láti Torre Tavira dé ṣọ́ọ̀ṣì San Felipe Neri. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àlejò ti jókòó sinmi, kí ó sì ronú. Láti oṣù kejì ọdún 1810 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1812, ọmọ ogun Faransé sàga ti Cádiz. Wọ́n ti mú ọba Sípéènì lọ, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn aṣojú láti Sípéènì àti láti Amẹ́ríkà péjọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní ọdún 1811, nítorí pé ó rí bí ẹyin, kò sì ní òpó láàárín, ohùn a sì máa dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: bí àgbá Faransé ti ń dún ní òdì kejì omi, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí òmìnira jẹ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1812, wọ́n kéde ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ó sọ pé ti gbogbo ará ìlú ni àṣẹ, kì í ṣe ti ọba nìkan. Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ ni, nítorí náà ni wọ́n fi ń fi ìnagijẹ ẹni tí ń jẹ́ Josefa pè é, La Pepa.

Ọ̀rọ̀ ẹrú kò ṣàì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1811, Guridi y Alcocer, àlùfáà láti Mẹ́síkò, dá a lábàá pé kí oko ẹrú dópin díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹrin, Argüelles ní kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Ariwo ta ní Havana. Àwọn olóko ìrèké kọ̀wé ránṣẹ́ pé ìparun Kúbà ni èyí, àwọn aṣòfin sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Nígbà tí ìwé òfin náà jáde, ó pe gbogbo ẹni òmìnira tí a bí sí ilẹ̀ Sípéènì ní ọmọ Sípéènì, ṣùgbọ́n abala 22 yọ àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá kúrò nínú ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, àyàfi ẹni tí ó bá fi ìwà àti iṣẹ́ ribiribi jèrè rẹ̀.

Ìròyìn apá kan dé Kúbà, ó sì di ohun mìíràn lẹ́nu àwọn tí ó dùn. Àwọn ẹrú ń sọ fún ara wọn pé Cádiz ti dá wọn sílẹ̀, pé àwọn ọ̀gá ni wọ́n fi ìwé náà pamọ́. José Antonio Aponte, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ẹni òmìnira, gbẹ́nàgbẹ́nà àti gbẹ́gilére ní Havana, tí ó ti ṣe ọmọ ogun rí, ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí olórí ọ̀tẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1812, wọ́n sì fi orí rẹ̀ sínú àgò irin ní gbangba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni èyí lẹ́yìn ìkéde La Pepa. Ìwé òfin náà kò tíì dé Havana. Ọba pa ìwé náà rẹ́ ní ọdún 1814. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà.

Ní Plaza de Mina, kí àlejò yà sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí láti wo pósí òkúta méjì ti àwọn ará Fonísíà. Ti ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ wú jáde ní ọdún 1887. Pelayo Quintero, awalẹ̀pìtàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ti obìnrin kiri, ó kú kò rí i. Ní ọdún 1980, wọ́n rí i ní ilẹ̀ ibi tí ilé tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Ìrìn náà parí sí Plaza de España, níbi tí ère ńlá ìrántí ọdún 1812 wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1912, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1929. Àga olórí ìgbìmọ̀ wà ní àárín rẹ̀, kò sí ẹnì kankan lórí àga náà. Ìlé olówó onílé-ìṣọ́ márùn-ún wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, èbúté sì kù díẹ̀ ní ìwájú. Láti èbúté Cádiz ni Columbus ti gbéra ìrìn rẹ̀ kejì ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1493 pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí wọ́n yà ní àwọn erékùṣù Kánárì, ìrèké wà lára ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀.