Òfin Ìdìbò Ló Ń Sọ Iye Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tí Yóò Fìdí Múlẹ̀

Láti ọdún 1853, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó gba ipò ààrẹ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí Democrat àti Republican. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń para pọ̀ kí ìjọba tó lè dúró. Nàìjíríà tiwa ti lo ẹgbẹ́ márùn-ún rí, ó ti lo méjì, ó sì ti ní 91. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwà àwọn olóṣèlú ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ìwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òfin ní kí a gbà ka ìbò ṣe kókó ju ìwà lọ. Òun náà ló ń sọ bóyá ìbò ẹni tó tẹ̀ka yóò já mọ́ nǹkan tàbí yóò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkùn ìdìbò 650 ni wọ́n ní. Ẹni kan ṣoṣo ló ń wọlé ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni, kódà bí kò bá tó ìdajì. Nínú ìdìbò oṣù keje ọdún 2024, ẹgbẹ́ Labour gba nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, síbẹ̀ àga 411 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Reform UK gba nǹkan bí ìdá 14, àga márùn-ún péré ló rí. Liberal Democrats tó gba nǹkan bí ìdá 12 rí àga 72. Ohun tó fà á ni pé ìbò Reform fọ́n káàkiri, ti Liberal Democrats sì ṣù jọ sí àwọn àgbègbè kan. Nígbà tí ará ìlú bá ti rí irú èyí, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ fi ìbò ṣòfò mọ́. Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n ń sá tọ̀.

Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò méjì: ọ̀kan fún olùdíje àgbègbè rẹ̀, èkejì fún ẹgbẹ́ tó wù ú. Ìbò kejì yìí ni wọ́n fi ń pín àga ilé aṣòfin. Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1933, nígbà tí ẹgbẹ́ pọ̀ jù nílé aṣòfin, tí ìjọba ń dìde, tó ń wó, títí Hitler fi ráyè wọlé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò bá gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì borí ní ẹkùn mẹ́ta, kò ní í bá wọn pín àga. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ BSW gba ìdá 4.98. Ìta ló wà.

Bí òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá ga jù, ó lè di ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ àwọn onílé síta. Ẹ wo Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, níbi tí ìlú Kétu wà. Lẹ́yìn àpérò gbogboògbò ọdún 1990 tó fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ òṣèlú ya bí omi. Lọ́dún 2018, wọ́n ṣe òfin tuntun láti dín wọn kù: ẹgbẹ́ tí kò bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kò ní í rí àga. Nígbà tí ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2019 dé, ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè láti díje, àwọn méjèèjì ló sì ń ti Ààrẹ Patrice Talon lẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n pín gbogbo àga 83. Àwọn tó jáde dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó forúkọ sílẹ̀.

Ní tiwa, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá ẹgbẹ́ méjì, SDP àti NRC, sílẹ̀ lọ́dún 1989. Nígbà Abacha, márùn-ún ni, gbogbo wọn sì fa òun nìkan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún 1998. Olóògbé Bọ́lá Ìgẹ́ ló fi wọ́n wé ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé àjọ INEC kò gbọdọ̀ fi ẹrù tí kò sí nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè di ẹgbẹ́ tuntun. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn. Ní ìdìbò ọdún 2019, ẹgbẹ́ ti di 91, olùdíje fún ipò ààrẹ sì jẹ́ 73. Ní oṣù kejì ọdún 2020, INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74.

Ṣùgbọ́n fífagi lé ẹgbẹ́ kò yí bí a ṣe ń ka ìbò padà. Lọ́dún 2023, Bọ́lá Tinúbú wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726, nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Atiku Abubakar ní 6,984,520, Peter Obi ní 6,101,533; bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ díje lábẹ́ PDP lọ́dún 2019. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Faransé tàbí Bẹ̀nẹ̀ ni, níbi tí ààrẹ ti gbọ́dọ̀ gba ju ìdajì lọ, àwọn méjì tó ṣíwájú ni wọn ì bá tún kojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tí ì bá borí, ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò fún ẹlòmíràn ì bá tún rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún ń jiyàn pé ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù, ohun méjì ló yẹ kí á béèrè. Ta ló ń kọ òfin tó fẹ́ dín wọn kù? Níbo sì ni ìbò ẹni tí olùdíje rẹ̀ fìdí rẹmi ń lọ? Iye ẹgbẹ́ nìkan kò lè dá wa lóhùn.