Báwo ni Lupus àti Àrùn Ẹ̀dọ̀ Ṣe Tan?

Orúkọ lè da ọ̀rọ̀ rú nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Malcolm Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí ohun àjèjì kan nínú mùdùnmúdùn eegun àwọn tí àrùn lupus ń dà láàmú: sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ti gbé kóró inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì. Àmì yìí ni àwọn oníṣègùn wá fi ń dá lupus mọ̀. Nígbà tí ó di 1955 sí 1956, wọ́n tún rí i ní Australia, lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn wú, tí ibà apọ́njú kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ian Mackay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne pe àìsàn náà ní lupoid hepatitis, àfi bí ẹni pé lupus ni ó wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara, oríkèé àti kíndìnrín ni lupus sábà máa ń kọlù. Ẹ̀dọ̀ gan-an ni àìsàn kejì dójú lé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ a le gbagidi, ikú a sì tẹ̀lé e. Ní 1965, Mackay fúnra rẹ̀ lo orúkọ mìíràn, autoimmune hepatitis, èyí ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbógun ti àrùn nínú ara ti dojú ìjà kọ ẹ̀dọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Ní 1971, Sheila Sherlock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Royal Free Hospital, London, fi hàn pé oògùn prednisolone ń dá ẹ̀mí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tí a bá sọ fún pé lupus náà ni, tí a kò yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò dáadáa, lè pàdánù àǹfààní yìí.

Síbẹ̀, wọ́n tan. HLA ni ọ̀wọ́ jíìnì tí ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dá onílé mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Láàrin àwọn ará Europe, ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń pè ní DR3 ń mú kí ewu àìsàn méjèèjì pọ̀ sí i. Ìwádìí ńlá kan ní Netherlands tún fìdí ti ẹ̀dọ̀ múlẹ̀ ní 2014. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jogún DR3 tí ọ̀kankan nínú àìsàn méjèèjì kò ṣe wọ́n. Ní Japan ẹ̀wẹ̀, DR4 ni ó so mọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀, DR2 ni ó so mọ́ lupus.