Láti Ìdí Oúnjẹ Dé Gbọ̀ngàn Àpérò: Ìtàn Wákàtí Ẹ̀kọ́ Láàárín Àwọn Amòfin

Ìfáàrà

Iṣẹ́ amòfin jẹ́ iṣẹ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ máa ń gbó kíákíá. Òfin tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin lè pa á rẹ́ lọ́la, ilé-ẹjọ́ sì lè fún un ní ìtumọ̀ mìíràn ní ọ̀túnla. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi sọ ọ́ di dandan fún amòfin láti máa kẹ́kọ̀ọ́ títí tí yóò fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kan tí ó wọ́pọ̀ láti mú dandan yìí ṣẹ ni kí amòfin lọ sí ìpàdé àpérò àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí tí ó sọ iye wákàtí tí ó fi wà níbẹ̀. Iye wákàtí náà ni a óò kà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Bí wíwà níbẹ̀ ṣe di ẹ̀rí ìmọ̀, ohun tí ó fà á, àti ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ, ni ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ olùkọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà (TRCN), tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ní ètò ẹ̀kọ́ àtẹ̀síwájú tirẹ̀ tí ó jẹ́ dandan.

Oúnjẹ Alẹ́ ní Ìlú London

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó sọ wákàtí di òfin, ṣùgbọ́n kíka ìjókòó sí ẹ̀kọ́ ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́ṣáájú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé mẹ́rin ni ó ní àṣẹ láti pe ènìyàn sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò: Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ìpè àfi tí ó bá ti jẹ oúnjẹ alẹ́ nínú gbọ̀ngàn ilé tirẹ̀ ní iye ìgbà tí a là sílẹ̀ fún sáà kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, inú gbọ̀ngàn yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń gbé ẹjọ́ àròsọ kalẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rò ó. Nígbà tí ó yá, ẹjọ́ àròsọ dáwọ́ dúró. Oúnjẹ nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹni tí ó bá jẹun pé iye ìgbà, tí ó sì san owó rẹ̀ pé, fi lè di agbẹjọ́rò láìṣe ìdánwò kankan. Ọdún 1872 ni ìdánwò tó di dandan fún gbogbo wọn.

Ìlànà méjèèjì, ìdánwò àti oúnjẹ, ni Christopher Alexander Sapara Williams bá níbẹ̀. Ìdílé Ìjẹ̀ṣà ni ó ti wá, Sierra Leone ni a ti bí i ní 1855, Inner Temple ni ó sì ti gba ìpè ní 1879, tí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Inner Temple kan náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti gba ìpè ní 1946. Nígbà tí ó di 1959, ìgbìmọ̀ Unsworth jábọ̀ pé ó yẹ kí Nàìjíríà máa kọ́ àwọn amòfin rẹ̀ nílé, nítorí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tí ó ń ti London bọ̀ mọ̀ ju òfin ilẹ̀ tiwa lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1963. A fi London sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ bá wa délé: akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ jókòó nídìí oúnjẹ pẹ̀lú àwọn àgbà iṣẹ́ kí a tó pè é.

Minnesota, 1975

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìgbaṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àtinúwá. Ní 1933, Harold Seligson dá Practising Law Institute sílẹ̀ ní New York fún àwọn ọ̀dọ́ amòfin tí wọ́n mọ ìwé ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ bí a ti í ṣe iṣẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ amòfin tí ogun ti gbé kúrò nídìí ìwé padà dé, wọ́n sì bá òfin tí ó ti yí padà lẹ́yìn wọn. Èyí ni ó mú kí American Bar Association àti American Law Institute pawọ́ pọ̀ ní 1947 láti máa ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá wù ni ó ń lọ.

Ìtìjú ni ó sọ ọ́ di dandan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, Warren Burger, tí ó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ ní yunifásítì Fordham. Ó ní láti ìdá kan nínú mẹ́ta dé ìdajì àwọn amòfin tí ó ń fara hàn nínú àwọn ẹjọ́ ńláńlá ni kò kún ojú òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn amòfin nínú, ṣùgbọ́n àkókò tí ó bọ́ sí kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀sùn Watergate ti gbòde kan. Richard Nixon, ààrẹ tí ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, amòfin ni. John Mitchell tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, amòfin ni. John Dean tí ó jẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí òfin ní ilé ìjọba, amòfin ni. Aráàlú ń béèrè irú ènìyàn tí a ń fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ lé lọ́wọ́.

Ní 1975, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Minnesota pàṣẹ pé amòfin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wákàtí ẹ̀kọ́ 45 láàárín ọdún mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Iowa ṣe irú rẹ̀ ní ọdún kan náà: wákàtí 15 lọ́dọọdún. Bí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣe ń tẹ̀lé wọn nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan, bí Maryland, kò gba dandan náà wọlé rárá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àìmọ̀ọ́ṣe ni Burger ń ráhùn lé lórí: amòfin tí kò mọ bí a ti í bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, tí kò mọ bí a ti í to ẹjọ́. Ìgbọ́ràn sì ni oògùn tí a fi wò ó. Kò sí olùkọ́ kan tí yóò sọ pé ọmọ tí kò mọ òǹkà, kí ó kàn wá jókòó fún wákàtí 15 lọ́dún, kí a má bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn adájọ́ fi yan wákàtí. Ta ni yóò ṣe ìdánwò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún amòfin àgbà, tí àwọn kan nínú wọn ti kọ́ adájọ́ náà níṣẹ́? Wákàtí kò dójú ti ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ọ́fíìsì lásán lè kà á.

Bí A Ṣe Ń Ka Wákàtí

Iṣẹ́ kíkà yìí di ìmọ̀ kan lọ́tọ̀. Àwọn olùṣètò àpérò yóò kọ́kọ́ fi ètò ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kí ó fọwọ́ sí i. Àkókò oúnjẹ, ìkíni àti ìforúkọsílẹ̀ kò sí nínú òǹkà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá lórí òfin nìkan ni a ń kà. Amòfin yóò buwọ́ lu ìwé nígbà tí ó bá wọlé, yóò gba ìwé-ẹ̀rí nígbà tí ó bá ń lọ, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé òun ti pé iye wákàtí. Wákàtí pàápàá kò dọ́gba káàkiri. Ní New York, ìṣẹ́jú 50 ni wákàtí kan. Ní California, ìṣẹ́jú 60 ni. Nítorí náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ìṣẹ́jú 300 yóò jẹ́ wákàtí mẹ́fà fún ará New York, yóò sì jẹ́ márùn-ún fún ará California tí ó jókòó tì í lórí àga kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn olùṣètò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpérò lọ sí etíkun àti ibi ìgbafẹ́, kódà sínú ọkọ̀ ojú omi, kí amòfin lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀kọ́, kí ó fi èkejì tẹ ìsinmi.

Àpéjọ àwọn oníṣẹ́ tí ó tún jẹ́ ibi ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Níbi tí àwọn babaláwo bá péjọ sí, tí ọ̀kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é ni, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ṣi ẹsẹ Ifá sọ, wọn yóò dá a dúró. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Ẹnu oníṣẹ́ ni àpéjọ náà ń dán wò. Kò sí ẹni tí ó ń ka bí ó ti pẹ́ tó lórí ìjókòó.

Àwọn Tí Ó Kọ̀

Àwọn amòfin kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní Colorado, ọ̀kan kọ̀ láti ṣe é, wọ́n sì gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Ó pẹjọ́ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ilé-ẹjọ́ kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní 1982. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 1983. Àlàyé wọn rọrùn: ìpínlẹ̀ tí ó lè béèrè ìmọ̀ kí ènìyàn tó wọ iṣẹ́ lè béèrè kí ìmọ̀ náà má ṣe kú.

Ti California le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wákàtí 36 láàárín oṣù 36 ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀ láti 1992, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀: àwọn adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ìpínlẹ̀ àti àwọn tí a dìbò yàn, àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń kọ́ni ní òfin. Amòfin kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ béèrè ìdí tí òfin fi gbà pé àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n tán, tí òun kò sì mọ̀ ọ́n. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní 1997 pé ìyàsọ́tọ̀ náà kò bá ìdọ́gba lábẹ́ òfin mu. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà yí ìdájọ́ yẹn padà nínú ẹjọ́ Warden v. State Bar, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo adájọ́ ni ó fọwọ́ sí i. Amòfin náà pàdánù, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò lọ lásán. Wọ́n dín wákàtí 36 kù sí 25.

Ìlànà Náà ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2007 ni Bayo Ojo, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, buwọ́ lu Òfin Ìwà Iṣẹ́ Àwọn Amòfin. Ìlà kọkànlá rẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ amòfin láti kópa nínú ẹ̀kọ́ àtẹ̀síwájú tí Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin Nàìjíríà (NBA) bá là sílẹ̀. Àpérò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí a ó kà; bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkọ, àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà àti nínú ìwé ìròyìn, àti ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ gíga mìíràn. Òfin tuntun ti ọdún 2023 ti rọ́pò rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Àpérò ọdọọdún ẹgbẹ́ náà ni èrò ń wọ́ lọ jù. Kò yẹ kí a bú wọn fún èyí. Amòfin tí ó dá ọ́fíìsì ṣí ní ìlú kékeré, tí kò ní ọ̀gá tàbí ẹnikejì, lè máà rí ibòmíràn tí yóò ti gbọ́ ohun tí ilé-ẹjọ́ ń sọ lórí òfin tuntun lẹ́nu àwọn tí ó rò ó. Ṣùgbọ́n nígbà àpérò ti 2022 ní Èkó, ohun tí ìwé ìròyìn gbé jù ni bí àwọn kan ṣe já wọ ibi tí a kó báàgì àpérò sí, tí wọ́n sì ń jà á gbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti kó oúnjẹ alẹ́ wá, ti gba ọ̀nà mìíràn. Wákàtí 16 lọ́dọọdún ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn solísítọ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2016, tí wọ́n pa òǹkà wákàtí rẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, solísítọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, tí yóò mọ ibi tí ó kù sí, tí yóò wá ẹ̀kọ́ tí ó bá a mu, tí yóò sì jẹ́rìí lọ́dọọdún pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì lè lọ sí àpérò bí ó bá fẹ́. Wọn kò ní béèrè iye wákàtí tí ó lò níbẹ̀ mọ́.